Máàpù Méjì fún Ilẹ̀ Etí Odò Meuse

Nítòsí Stein, ní gúúsù Nẹ́dálándì, Odò Meuse máa ń kún bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á ṣẹ́kù, ẹrẹ̀ yìí sì ni òjé, bàbà, cadmium àti zinc bá wá láti òkè odò. Ojú lásán ò lè rí wọn. Àwọn olùwádìí bu erùpẹ̀ ní ojúkò 155 fún àyẹ̀wò. Níbi tí zinc ti kéré jù, mìlígíráàmù 113 ló wà nínú kílò erùpẹ̀ kan. Níbi tó ti pọ̀ jù, 1,839. Ilẹ̀ tó wà láàárín ojúkò kan sí èkejì ńkọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bù wò?

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í sáré ya máàpù. Á kọ́kọ́ mú ojúkò ní méjì-méjì, á wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra àti bí zinc wọn ṣe yàtọ̀ síra tó. Ojúkò 155 á fún un ní méjì-méjì 11,935. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló ń ka ohun tó bá jáde: àwọn tó wà nítòsí jọra, bí wọ́n ṣe ń jìnnà síra ni ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dúró sójú kan. Ìlà tó ń fi èyí hàn ni wọ́n ń pè ní variogram. Bí a bá fi logarithm iye zinc ti Meuse ṣe é, nǹkan bíi 900 mítà ni ìyàtọ̀ náà ti dúró.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìlà náà dáadáa. Kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí èèyàn bá bu erùpẹ̀ níbì kan, tó tún bù níwájú díẹ̀, iye méjèèjì kò ní bára mu, nítorí àṣìṣe ìwọ̀n, àti nítorí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ọ̀lẹ á fa ìlà tirẹ̀ láti òdo kí máàpù lè dán. Ọ̀jáfáfá á fi àlàfo yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì fẹ́ràn ìwà yẹn ju gbogbo ìṣirò lọ.

Lẹ́yìn náà ló tó kan kriging, ọ̀nà láti fojú díwọ̀n iye ibi tí a kò bù wò, èyí tí Danie Krige pilẹ̀ níbi ìwakùsà wúrà ní South Africa lọ́dún 1951, tí Georges Matheron ará Faransé sọ di odindi ìmọ̀. Ojúkò tó sún mọ́ ibi tí a kò bù wò lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wúwo jù. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá kó ara wọn jọ sápá kan, wọ́n á pín agbára láàárín ara wọn, kí ọ̀kan ṣoṣo tó wà lódìkejì lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Baálé tó ń gbẹ́jọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó ti inú ilé kan náà jáde, kì í kà wọ́n sí ẹ̀rí mẹ́ta.

Máàpù àkọ́kọ́ á wá jáde: zinc pọ̀ létí odò, ó ń dín kù bí a ṣe ń jìnnà sí i. Ojú gbogbo ayé á lọ síbẹ̀. Èkejì ni tèmi. Òun ló ń fi hàn, níbi kọ̀ọ̀kan, bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó nínú ohun tí àkọ́kọ́ sọ. Inú máa ń bí mi bí wọ́n bá tẹ máàpù ilẹ̀ jáde láìfi èkejì yìí tì í; àgbẹ̀ tó fẹ́ fi ṣe ìpinnu kò ní mọ ibi tó ṣeé fọkàn tán. Ìwúlò rẹ̀ kò sì mọ síbẹ̀. Bí a bá ti ní variogram lọ́wọ́, ibi tí àwọn ojúkò wà nìkan ló ń lò, kò lo iye zinc wọn. Nítorí náà, èèyàn lè jókòó sí ọ́fíìsì, kó ṣírò ibi tó yẹ kí wọ́n ti bu erùpẹ̀ tó kàn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.