Jenifa, Ọmọbìnrin Tí Ó Ń Sú Wa

Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ń pa ni lẹ́rìn-ín kì í sábà jẹ́ ẹni tí a lè bá gbé ilé kan. Olè ni Ìjàpá inú àlọ́, ọ̀kánjúà ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, àlọ́ kò sí mọ́. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó kú ní ọdún 2018, gbé wọ orí ìtàgé, tí ó sì gbé wọ sinimá nínú Ọ̀run Móoru ní 1982. Jenifa, eré tí Fúnkẹ́ Akíndélé kọ tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ olórí òṣèré rẹ̀ ní ọdún 2008, ìdílé yìí kan náà ni ó ti wá. Muhydeen S. Ayinde ni ó darí rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Ọmọ oko kan tí ń jẹ́ Sùlíà wọ yunifásítì. Ojú ń tì í nítorí orúkọ rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di Jenifa. Ó lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ń fi ara wọn gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin, àrùn éèdì ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: Jenifa a máa sú ni. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń fọ́nnu, kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. A mọ àwọn kan tí wọn kò lè wò ó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí ìwà ọmọ náà kọ eré náà sílẹ̀, ẹ̀bi ọmọ ni ó ń dá ìyá rẹ̀.

Nítorí pé òṣèré náà kò tọrọ ìfẹ́ wa rárá. Ọ̀pọ̀ aláwàdà, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe bí òmùgọ̀, a máa ṣẹ́jú sí òǹwòran, bí ẹni pé, ‘Ẹ má gbàgbé pé mo gbọ́n.’ Akíndélé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì wíwọ́ bí ẹni tí ó dá lójú pé bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ sì tẹ́tí sí àṣìṣe rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin olùkọ́. Wọn kì í ṣe àṣìṣe àwàdà lásán. Àṣìṣe ẹni tí ń fi Yorùbá ronú ni, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń wá ìró v àti z tí kò sí nínú èdè ìyá rẹ̀. A ti gbọ́ wọn rí nínú kíláàsì wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti há sí wa lọ́fun, nítorí ta ni ó kọ́ ọmọ náà pé ohun ìtìjú ni orúkọ àti èdè rẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ tí wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Ní Ìbẹ̀jú-Lekki níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà tún súnmọ́ wa sí i. Sùlíà ní láti fi oko sílẹ̀ kí ó tó rí ìlú ńlá. Ìlú ńlá ni ó wá bá àwọn ọmọ tiwa nílé. A ṣí èbúté Lekki ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, a sì ṣí ilé ìfọpo Dangote ní oṣù Karùn-ún. Láti Ajah lọ sí Akódò, ilé olódi tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dúró gbágbágbá ti abúlé apẹja. Ọmọ apẹja ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ inú ilé wọ̀nyí lójoojúmọ́, ó sì ń yí ohùn rẹ̀ padà kí ó lè dàbí tiwọn. Kò pẹ́ tí òun náà yóò fi sú ni.

Ìparí eré náà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àrùn náà dé bí ìgbà tí oníwàásù gbá àga ìwàásù. Eré tí ó ti ń jẹ́ kí a fi ojú ara wa rí i wá ń na ìka sí wa. Àwa tí a ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi mọ ìwàásù bí a bá gbọ́ ọ. Bí ó ti wù kí ó rí, oyè òṣèrébìnrin tí ó ta yọ jùlọ tí a fi dá Akíndélé lọ́lá níbi ẹ̀bùn sinimá Áfíríkà, AMAA, ní 2009, ó tọ́ sí i.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé wọ́n ti dán Jenifa bí ìkòkò láti ìgbà náà. The Return of Jenifa jáde ní 2011. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e. Everybody Loves Jenifa sì dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó tí ó pa sì ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Orúkọ eré ìkẹyìn yìí sọ gbogbo rẹ̀: gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gún wa lára mọ́. Ọmọbìnrin ti 2008 kò rí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi lè gbàgbé rẹ̀.

Olùkọ́ kíláàsì àgbà tí ó bá fẹ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò ó, kí ó kọ́kọ́ dá a wò, nítorí ibi tí kò yẹ ọmọdé ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù kọ ọ́ sínú ìwé, ní Yorùbá, ibi tí ó ti dẹ́kun ẹ̀rín.