Ogún Ẹni Tí Kò Sá: Àyẹ̀wò Àwòrán Cecil Court láti Ọwọ́ R. B. Kitaj

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: ǹjẹ́ ọmọ lè fi ìyà tí òbí rẹ̀ jẹ ṣe iṣẹ́ ọnà láìjẹ́ pé ó ń gba ẹkún sun lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í? Àwòrán tí a yàn láàyò fún àyẹ̀wò ni Cecil Court, London W.C.2 (The Refugees), tí R. B. Kitaj fi ọ̀dà olóròóró yà ní 1983 sí 1984, tí ó sì wà nínú àkójọ Tate ní ìlú London.

Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni a bí ayàwòrán yìí sí ní 1932. Júù ni ìyá rẹ̀. Bàbá tí ó bí i kò bá wọn gbé. Ní 1941, ìyá rẹ̀ fẹ́ Walter Kitaj, onímọ̀ kẹ́mísírì, Júù ará Vienna tí ó sá àsálà nítorí ìjọba Násì. Ìyá Walter náà yè bọ́. Orúkọ ọkọ ìyá yìí ni ọmọ náà jẹ́ títí tí ó fi kú ní 2007. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọmọ ti gbọ́njú kí ilé tó dé bá a, ilé asásàálà sì ni.

Òpópónà tóóró tí a mọ̀ mọ́ títa ìwé àlòkù ni Cecil Court. Àwọn asásàálà wà lára àwọn tí ó tajà níbẹ̀, Kitaj sì jẹ́ oníbàárà wọn. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ìrírí bàbá àti ìyá-àgbà rẹ̀ wà lára ohun tí ó bí àwòrán náà. Síbẹ̀, kò ya ọkọ̀ ojú omi, kò ya ẹ̀ṣọ́ ibodè. Òpópónà ìwé ni ó yà, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣe bí òṣèré, nítorí eré orí ìtàgé èdè Yídíṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni Kitaj fúnra rẹ̀ nà gbalaja sórí àga gbọọrọ ìgbàlódé.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí ó ń sá fún ikú kì í nà gbalaja. Bí ayàwòrán bá fẹ́ pe ara rẹ̀ ní asásàálà, ìdúró ni ì bá ya ara rẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ìdùbúlẹ̀ yìí jẹ́wọ́ pé ajogún ni. Ìwé àlòkù ń sọ bákan náà: ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti lò rí ni, kí ó tó di tiwa. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé If Not, Not (1975 sí 1976), níbi tí ẹnubodè àgọ́ ikú Auschwitz gbé yọ lókè. Àmì náà lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú Kitaj. Cecil Court dúró lórí ohun tí ọmọ ilé rí ní tòótọ́: àwọn tí ó yè, tí ayé sì ń bá a lọ fún wọn.

A kò ní ṣàì tọ́ka sí àléébù. Ìfarasọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbànújẹ́ wọn fi lè dà bí àwàdà; ẹni tí kò bá ka àkọlé tán lè rò pé ọjọ́ ọdún ni. Nígbà tí Tate pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1994, ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn bẹnu àtẹ́ lu àlàyé tí ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòrán, bí ẹni pé àwòrán kò gbọdọ̀ ní alágbàwí. A gbà pé ọ̀rọ̀ lè pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ìtàn ìsáǹsá òbí fi ń dé etí ọmọ. Ọ̀rọ̀ wà lára ogún náà.

Ní àgbálọgbábọ̀, èrò wa ni pé ẹ̀tọ́ ọmọ lórí ìyà òbí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, nítorí Walter kọ́ ni ó bí Kitaj. Ó wà nínú kí ọmọ fi ibi tí òun wà hàn wá láìṣẹ̀tàn. Kitaj fi tirẹ̀ hàn: lórí àga ni ó wà, kò sí lójú ọ̀nà.