Tọkọtaya Hinderer ní Ilé àti Lójú Ọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Kan

Ìwé Seventeen Years in the Yoruba Country kì í ṣe ìwé Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa a máa mú nǹkan inú rẹ̀ lò ní kíláàsì bí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà àti ìtàn Ìbàdàn. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Anna Hinderer ni wọ́n ṣà jọ lẹ́yìn tí ó kú ní 1870. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: Anna kò jókòó kọ ìwé. Lẹ́tà ni ó ń kọ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíràn ni ó sì yan èyí tí àwa rí kà.

Ní 1852 ni ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún C.M.S. Ní 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n gba odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ti ibẹ̀ dé Ìbàdàn. Ọkọ ti dé Ìbàdàn rí ní 1851. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ tuntun sí aya kò jẹ́ tuntun sí ọkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ tọ̀. Ẹni méjì rìn, ẹnì kan ni ó ròyìn. Ó dùn wá pé a kò gbọ́ ti ọkọ tó, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dé ibi tí ó fi túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè wa.

Inú ilé ni ìwé náà ti lágbára jù. Ní Kúdẹtì, ènìyàn ní orúkọ: Daniel Olúbí tí ó bá wọn dé, tí ó sì di àlùfáà nígbẹ̀yìn, Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ ìjòyè Olúńlóyọ̀, tí baba wọn fi sọ́dọ̀ Anna kí ó kọ́ wọn. Nígbà tí Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, há wọn mọ́lé, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Agolo bisikíìtì àti ìgò òfìfo ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí oúnjẹ rà. Ẹ̀wà, epo díẹ̀ àti ata ni wọ́n sì fi ń gbé ẹ̀mí ró. A kò rò pé akọ̀tàn tí ó jókòó sí ibi tí oúnjẹ wà lè hùmọ̀ irú agolo bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti bọ́ sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ a yí padà. Aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbé Anna, ibẹ̀ ni ó sì ti ń wo ilẹ̀ wa. Àwọn tí èjìká ń ro kì í sábàá ní orúkọ. Ní 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell gba igbó Ìjẹ̀bú wá gbé e lọ, ọkọ sì dúró sẹ́yìn. A mọ Maxwell. Ta ni ó gbé Anna?

Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ohun tí àwọn ará Ìbàdàn sọ. Bí a bá kà á pé wọ́n kí tọkọtaya náà nígbà tí wọ́n ti ìrìn-àjò dé, ṣé “ẹ káàbọ̀” ni, àbí “ẹ kú ewu ọ̀nà”, àbí “ẹ kú ewu” lásán? Ẹni tí ó ti ojú ọ̀nà ogun dé àti ẹni tí ó ti oko dé, a kì í kí wọn bákan náà. Olùkọ́ tí ó bá dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ padà sí Yorùbá, tí ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn ní 1853, èdè ara rẹ̀ ni ó fi sẹ́nu òkú. A ti rí irú àyọkà bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan, tí wọ́n ní kí ọmọ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo?

Ibi tí ìwé yìí ti wúlò fún wa ni ẹ̀kọ́ aáyan ògbufọ̀. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú-ìwé kan, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi yan ìkíni kan ju èkejì lọ. Àlàyé yẹn ni kí ẹ fún ní máàkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn Ìbàdàn ayé ọjọ́un, kí ó lọ gbọ́ oríkì ní agbolé àwọn jagunjagun.