Orúkọ Tí A Fi Ń Dá Ẹ̀yà Ọkọ̀ Lẹ́jọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe ń sọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ lórúkọ, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, orúkọ mẹ́ta ni yóò gbọ́. ‘Ọ̀rìjínà’ ni èyí tí wọ́n ní ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ wá. ‘Tòkunbọ̀’ ni àlòkù òkè òkun. ‘Táíwáànì’ ni tuntun olówó pọ́ọ́kú. Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi tí ọjà ti wá ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sí èyí tí ó sọ bí ọjà náà ti rí. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ni Tòkunbọ̀, orúkọ ayọ̀ sì ni. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti ọdún 1986, tí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, a gbé orúkọ ọmọ fún irin. Táíwáànì ní tirẹ̀ di èébú, bẹ́ẹ̀ lónìí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣíìpù kọ̀ǹpútà tí ó jíire jù lọ láyé. Ìlú náà ti tẹ̀ síwájú. Orúkọ kò kúrò lójú kan.

Ní ọjọ́ kan, mo ra páàdì bíréékì tí ẹni tí ó tà á búra pé ọ̀rìjínà ni. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo, mo tẹ bíréékì, ọkọ̀ kò dúró títí ó fi wọ igbó. Orí ló yọ mí. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, páàdì ti ṣí kúrò lára irin tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo wá wo páálí rẹ̀: wọ́n ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ kọ, kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà. Èmi tí ń fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìkọ akẹ́kọ̀ọ́, n kò ka páálí tí mo fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́!

Ọ̀nà ìdájọ́ tí mo fara mọ́ báyìí ni ti òǹkàwé. Ka páálí. Gbé ọjà náà sọ́wọ́ kan, kí o gbé èyí tí wọ́n tú sọ́wọ́ kejì, kí o fi ìwọ̀n wọn wéra. Fi èékánná họ etí páàdì bóyá yóò rún. Bí ó bá jẹ́ bíárìn, yí i, kí o tẹ́tí sí i bóyá yóò kùn.

Ṣùgbọ́n àbùkù mìíràn kì í hàn lójú. Ìjọba dá àjọ SON sílẹ̀ ní 1971, ó sì fi ètò SONCAP kún un ní 2005, síbẹ̀ ayédèrú ṣì ń wọ ọjà. Ibí yìí ni mo ti rántí àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn, wọn a sì padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà títí wọn yóò fi gba owó wọn. À ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ta aṣọ tí kò ní pẹ́ ya fún ẹni tí ó ṣì jẹ ẹ́ lówó? Àpadàwá wọn ni ẹ̀rí ọjà wọn. Ẹni tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lónìí ti gba owó tán. Àwa ni yóò kù tí yóò lóṣòó.

Nítorí náà, ẹ má béèrè ìlú tí ọjà ti wá nìkan. Ẹ béèrè pé, “Bí ó bá bàjẹ́, ṣé ẹ ó gbà á padà?” Ìdáhùn ẹni tí ń tà á ni orúkọ tí ó tọ́ sí ọjà náà.