Kí Ni Ó Kù Lẹ́yìn Ìparun? Àyẹ̀wò Ìlànà Mẹ́rin fún Eré Orí Tábìlì

Ọmọ ayò mẹ́rin ni ó ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí ọ̀tayò méjì tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí iye náà padà, eré mìíràn ni wọ́n ń ta, ìbáà ṣe orí ọpọ́n kan náà ni. Ohun tí eré bá ń kà ni ó ń sọ irú eré tí ó jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn rí nínú irú eré kan tí ó di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni atọ́kùn; òun ni ó ń ròyìn ibi tí ìtàn dé, òun náà ni ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tá àti àlejò. Olúkúlùkù àwọn yòókù gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, ó sì ń sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe. Ó jọ àlọ́ tí àwọn tí ń gbọ́ ọ fúnra wọn wọ inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di pé bóyá ohun kan yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe, kì í ṣe ẹnu apàlọ́ nìkan ni ó ń pa á láṣẹ. Wọn a da dáìsì, bí a ti ń dà á nínú lúdò, wọn a sì wo ìwé òfin.

Ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ayé tí ó ti parun: ogun átọ́mù ti jà, ìjọba ti wó, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ máa gbé nínú irú ìtàn yìí fún oṣù mélòó kan ní láti kọ́kọ́ yan ìwé òfin. Àwọn mìíràn a máa yàn án nítorí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn mìíràn nítorí pé ó rọrùn. Àṣìṣe ni èyí. Ohun tí òfin bá ń kà ni òṣèré yóò máa lépa, òun náà ni yóò sì máa bẹ̀rù àtipàdánù rẹ̀. Nítorí náà ìwé kọ̀ọ̀kan ti dáhùn ìbéèrè kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kí ni ó kù lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn nígbà tí ayé rẹ̀ bá parun? Ìdáhùn mẹ́rin yẹ fún àyẹ̀wò.

Èkíní ni Gamma World, tí James M. Ward àti Gary Jaquet kọ, tí ilé-iṣẹ́ TSR sì tẹ̀ jáde ní 1978. Níbẹ̀, ìtànṣán olóró ti yí ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko padà, ìmọ̀ àwọn ará àtijọ́ sì ti di àdììtú. Òṣèré tí ó bá rí ẹ̀rọ nínú àwókù ilé kò lè ṣàdédé sọ pé òun mọ̀ ọ́n lò. Àtẹ kan wà nínú ìwé náà. Dáìsì ni yóò máa tì í láti ibì kan dé ibì kan lórí rẹ̀, títí yóò fi mọ ìlò ẹ̀rọ náà tàbí tí ẹ̀rọ náà yóò fi ṣe é léṣe. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí ó sọ ọ̀mọ̀wé di òpè níwájú ohun tí ó ń lò lójoojúmọ́. Ìdáhùn Gamma World ni pé ìyanu ni ó kù. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyanu a máa tètè di ẹ̀rín. Ẹni tí ó bá ti pàdé ehoro ńlá tí ń sọ irin di rọ́bà kò ní tètè sunkún òkú mọ́.

Èkejì, Twilight: 2000, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Frank Chadwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Game Designers' Workshop gbé e jáde ní 1984, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọmọ-ogun tí ogun tú ká ní Poland ni àwọn òṣèré. Kò sí ọ̀gá tí yóò pàṣẹ fún wọn mọ́. Ọdún 2000 dé, ó sì kọjá láìsí ogun náà, ṣùgbọ́n ìlànà ìwé yìí kò tíì gbó. Ọta ìbọn ni ó ń kà, àti oúnjẹ, àti epo ọkọ̀. Bí epo bá tán, àwọn òṣèré ní láti dúró ṣe ọtí líle tí ọkọ̀ yóò máa mu. Nínú ìdúró yìí ni ìtàn ti ń sọ: abúlé wo ni yóò gbà wọ́n, kí ni wọn yóò sì fi san oore? Ẹrù ni ó kù, ni ìwé yìí wí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn ìṣirò yóò fi wákàtí rẹ̀ ṣòfò lórí bébà; bí wọ́n bá sì dẹ́kun kíkà, ẹ̀rù ìparun náà tán.

Ẹ̀kẹta ni Apocalypse World, tí D. Vincent Baker tẹ̀ jáde ní 2010. Ìwé yìí kò sọ ohun tí ó pa ayé run. Dáìsì méjì ni òṣèré ń dà, yóò sì fi iye kan tí ó bá ìwà ẹ̀dá rẹ̀ mu kún un. Bí àròpọ̀ bá tó 10, ohun tí ó fẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ 7 sí 9, ó rí i gbà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí yóò san. Bí kò bá tó 7, ó di ọwọ́ atọ́kùn, ẹni tí kì í da dáìsì rárá. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. Fún ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi kún un, 6 nínú rẹ̀ ni àṣeyọrí pátápátá, 15 ni àṣeyọrí tí ó mú gbèsè wá, 15 ni ìjákulẹ̀. Fún ẹni tí ó ní 2, àṣeyọrí pátápátá gòkè di 15, ìjákulẹ̀ wálẹ̀ di 6, ṣùgbọ́n ti gbèsè kò kúrò ní 15. Inú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo èrò ìwé náà wà: agbára lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìjákulẹ̀, kò lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Ìwé náà sì tún ń ka bí ẹ̀dá kan ti mọ ẹ̀dá kejì tó. Iye yìí ni a fi ń ran ara ẹni lọ́wọ́, òun kan náà ni a fi ń dí ara ẹni lọ́wọ́. Ènìyàn ni ó kù, ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fara da ìjà láàárín ara wọn, kí wọ́n má ṣe dáwọ́ lé e.

Ẹ̀kẹrin ni Mutant: Year Zero, tí ilé-iṣẹ́ Fria Ligan ní Sweden gbé jáde ní 2014. Àwọn tí ara wọn ti yí padà ń gbé inú ibùgbé kan tí a ń pè ní Ark, wọn kò sì lè bímọ. Òṣèré ń kó dáìsì jọ gẹ́gẹ́ bí agbára, ìmọ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ti pọ̀ tó. 6 nìkan ni àṣeyọrí. Bí kò bá rí i, ó lè tún un dà, ṣùgbọ́n 1 tí ó bá hàn lórí dáìsì agbára yóò pa á lára, èyí tí ó bá sì hàn lórí dáìsì ohun èlò yóò ba ohun èlò náà jẹ́. Títí dé ibí yìí, ìyà ni ó ń kà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó tún ń ka nǹkan mẹ́rin fún ìlú lápapọ̀: oúnjẹ, àṣà, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ ogun. Nígbà tí ìjókòó bá bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré yóò gbìmọ̀ lórí iṣẹ́ tí ìlú yóò dáwọ́ lé, iye wọ̀nyí yóò sì máa gòkè bí iṣẹ́ bá ti ń parí. Lóòótọ́, ìrìn inú àwókù a máa jọra wọn bí ó bá pẹ́. Síbẹ̀, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni ó fi àtúnṣe ìlú sí àárín gbùngbùn ìṣirò rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àríyànjiyàn yìí kò nídìí, pé ìlànà kan tó fún gbogbo ayé. Wọn yóò tọ́ka sí GURPS, tí Steve Jackson gbé jáde ní 1986, èyí tí a ṣe fún ìtàn gbogbo, ti àtijọ́ àti ti ọjọ́ iwájú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi ààyè sílẹ̀ láti ka ohun gbogbo ti fi ẹ̀yí tí ó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ fún atọ́kùn láti yàn. Yíyàn kò tíì kúrò nílẹ̀. Èjìká ẹnì kan ni a gbé e kà. Bí atọ́kùn náà kò bá sì mọ̀ pé òun ni ó ń rù ú, ẹgbẹ́ yóò máa kọ orúkọ ìbọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọn kò sì ní mọ ìdí tí ìtàn wọn fi gbẹ.

Ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí a tó ra ìwé, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí yóò dùn ún bí ó bá tán nínú ìtàn náà. Bí wọ́n bá ní ìmọ̀ àtijọ́ ni, Gamma World ni kí wọ́n gbé. Bí wọ́n bá ní epo àti ọta ni, Twilight: 2000 ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́, Apocalypse World ni. Ṣùgbọ́n bí eré yóò bá gùn, tí ẹgbẹ́ kò sì fẹ́ kí ìtàn wọn parí síbi ìparun tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí ó yẹ wọ́n bíi Mutant: Year Zero. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwé òfin tí ó ń ka omijé nìkan kò tíì ka gbogbo ohun tí ó wà lójú ọmọ ènìyàn.