Òpè, Dìde Kí Ọ̀ta Jókòó!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú agùnbánirọ̀ kan rí ní Ọ̀wọ̀, kí n tó sọ tèmi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọkùnrin náà wá sí ìlú ni, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n mú òun yí ìgboro ká ní ọ̀sán Sátidé kan. Bí a ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, a gbọ́ igbe lábẹ́ igi kan: "Òpè! Òpè paraku! Dìde níbẹ̀ kí ènìyàn gidi jókòó!" Ẹni tí ń pariwo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń lẹ táyà, ọ́ìlì dúdú ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bú jẹ́ bàbá arúgbó kan tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama kí ó tó fẹ̀yìntì. Agùnbánirọ̀ gbá mi lápá mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní là wọ́n?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ayò ni wọ́n ń ta.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí ẹnìkan kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu tí à ń sọ nídìí ọpọ́n. Àwọn lámèyítọ́ ń yẹ ìwé wò, wọ́n ń yẹ eré orí ìtàgé wò, wọ́n ń yẹ rẹ́kọ́ọ̀dù olórin wò. Ta ni yóò bá wa yẹ yẹ̀yẹ́ wò? Iṣẹ́ ọnà ni yẹ̀yẹ́ tí àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ń fi ara wa ṣe. Ó ní èyí tí ó dára, ó ní èyí tí ó burú, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ yóò fi ṣe ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn léṣe. Mo mọ̀, nítorí mo ti ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ta ayò rí, n kò ní fi àlàyé pa yín. Ojúlé 12 ni ó wà lórí ọpọ́n, 6 ní ìhà kan, 6 ní ìhà kejì. Ọmọ ayò 4 ni a ń kó sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni méjì ni ó ń ta á. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń nà ni òpè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dúró yí àwọn méjèèjì ká lè tó mẹ́wàá, kò sì sí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ ń sinmi nínú wọn.

Ẹ wá wo ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ìgboro, ọmọ tí ń lẹ táyà yẹn kò jẹ́ pe bàbá náà ní "o" láéláé. "Ẹ" ni, "yín" ni, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó sídìí ọpọ́n báyìí, "ẹ" ti wọgbó lọ. "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n! Ṣé ọmọ ayò lò ń kà ni àbí owó ìfẹ̀yìntì? Èwo nínú méjèèjì ló tíì pé rí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Kò sì dákẹ́ o. "Táyà lo mọ̀ ọ́n lẹ̀," ó ní. "Ojúlé rẹ tó ti jò yìí, gọ́ọ̀mù wo lo fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́?" Ni ó bá jẹ ẹ́ ní ojúlé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ọpọ́n parí, ọmọkùnrin náà gbọn iyanrìn kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun o. Ṣé kí n bá yín gbé àpò yín délé?" "Ẹ" ti padà wálé. Agùnbánirọ̀ mi kò lè pa ẹnu rẹ̀ dé.

Kí ni ó mú kí yẹ̀yẹ́ yìí dùn? Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. N kò ní dá wọn lóhùn, ẹni tí kò bá lè jókòó fún wákàtí kan láti rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ni yóò bá a ṣe é. Èrò tèmi ni pé yẹ̀yẹ́ tí ó dára, ọwọ́ ni ó ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó ni ọwọ́. Bí o ṣe ka ayò, bí o ṣe gbàgbé ojúlé tí ó ti kún, bí o ṣe ń ronú bí ẹni tí wọ́n ní kó sanwó orí. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bínú sí ìyẹn, nítorí láìpẹ́ láìjìnnà, ọwọ́ ẹni tí ń pariwo náà yóò ṣìnà, a ó sì dá a padà fún un.

Ẹ lè béèrè pé owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọ́n. Òótọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ààlà. Ohun tí ó gbà á là ni pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ti fi owó yẹn ṣẹ̀fẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ náà kàn gba ibẹ̀ wọlé ni.

Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa tí ó kú ní 2018, mọ àṣírí yìí dáadáa. Ẹ rántí awò ojú ràbàtà yẹn, àti táì ọrùn rẹ̀ tí ó tóbi ju orí lọ. Kí ó tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti fi ara rẹ̀ ṣe òpè ná. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́fẹ̀ inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Wọn a máa fi orin tú àṣírí àwọn oníwà ìbàjẹ́, wọ́n sì lè fọwọ́ ba ẹni ńlá pàápàá, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú agọ̀ lórí, kí ijó ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Òru yẹn ni ààlà tiwọn. Ọpọ́n ni ààlà tiwa.

Àbí ẹ rò pé ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀wọ̀ lè máa bú àgbà láìní ààlà? Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ onílé ń pè é, ìtàn ìlú sì sọ pé ọmọ Odùduwà tí ó tẹ̀ ẹ́ dó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Síbẹ̀, ẹ wá ní àsìkò ọdún Igogo, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Fún ọjọ́ 17, wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ a di irun, a fi iyùn ṣe ọ̀ṣọ́, ní ìrántí ayaba àtijọ́ tí ń jẹ́ Ọ̀rọ̀nsẹ̀n. Obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Ohun ọ̀wọ̀ ni, n kò fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí fìlà ti ń bá a bo orí pípá mọ́lẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní, níbo ni yóò sá gbà? Ní ọdún kan, ẹnìkan bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ yá àdúgbò ní orí mi lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ.

Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí báyìí.

Ará Ìfọ́n ni, ní Ọ̀sẹ́. Awakọ̀ ni, ó máa ń gbé èrò láti Ìfọ́n wá sí Ọ̀wọ̀, bí ó bá ti já wọn sílẹ̀ tán, ìdí ọpọ́n ni ó ń gbà lọ. Ó jù mí lọ ní ọdún méjìlá, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é. Ó ní ìwé ìròyìn tí mo ń kọ sí wúlò púpọ̀, pé àkàrà tí wọ́n bá fi pọ́n kì í tètè tutù. Èmi náà ní mọ́tò rẹ̀ nìkan ni àwọn èrò ti ń gbàdúrà láìsí pásítọ̀. Báyìí ni a ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn àgbà ìdí ọpọ́n sọ fún mi nípa 1983. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni gómìnà láti 1979, UPN sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Akin Ọmọ́bóríowó tí ó ti ṣe igbákejì rẹ̀ bọ́ sí NPN, ó sì bá a du ipò. Wọ́n ní títí di àkókò ìbò yẹn, ọmọ UPN àti ọmọ NPN jọ ń ta ayò, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ara wọn ní ẹgbẹ́ òpè, wọ́n sì jọ ń mu ẹmu lé e. Ní oṣù kẹjọ, FEDECO kéde pé Ọmọ́bóríowó ni ó wọlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó bá gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn. Ilé ẹjọ́ ni ó padà dá ipò fún Ajásin, kí àwọn ológun tó gbàjọba ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà. Bàbá kan sọ fún mi pé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ "òpè" ní ìdí ọpọ́n àwọn. Wọ́n ń ta ayò bí ẹni ń ṣọ́ òkú.

Èmi gbọ́ ìtàn yìí, mo mì orí, n kò sì fi kọ́gbọ́n.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi ará Ìfọ́n ti lọ sí òkè òkun. Ó ti tó ọdún mẹ́ta, kò pè, kò ránṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀, kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan ní ọdún tí ó kọjá, ó ń nà mí, ó ń nà mí, ó ń ka ọmọ ayò sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ara ta mí. Mo ní: "O mọ ọmọ ayò kà, ká sọ pé o mọ iye ọmọ tìrẹ tó kù!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ta ọpọ́n yẹn parí, ó sì jẹ mí. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní: "Ẹ kú ìjókòó o."

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ó pè mí ní "ẹ". Èmi àbúrò rẹ̀.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ̀gbọ́n, àwàdà ni mo ń ṣe!" Kò wẹ̀yìn. Ọ̀gá ilé ìwé àná yẹn ni ó dá mi lóhùn láti ibi tí ó jókòó sí: "Tó bá jẹ́ àwàdà ni, ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un?"

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kúkurú yẹn, "àwàdà ni," ti di ohun tí etí mi kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ẹ ó gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbè lẹ́yìn Arsenal àti Chelsea. Púpọ̀ nínú yẹ̀yẹ́ wọn dùn gan-an, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ọ̀kan tí yóò fa ìyá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, tàbí àìrójú ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ojú onítọ̀hún bá sì yí padà, yóò ní àwàdà ni òun ń ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ rárá. Ó sọ ọ̀kò tán, ó wá ń bá ẹni tí orí rẹ̀ bẹ́ jà pé kò mọ eré. Mo mọ̀ bí ó ṣe ń rí lẹ́nu, torí ó ti ti ẹnu mi jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ń wọ Ọ̀wọ̀, ó ń já èrò, ó ń padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàbá ọ̀gá ilé ìwé wí fún mi pé kí n wọ aṣọ, kí á lọ. A wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ́n, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Benin, bàbá náà kò bá mi sọ̀rọ̀ tí a fi débẹ̀.

Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti ilé. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé ọpọ́n jáde, ó gbé e sí àárín wa, ó sì ń kó ọmọ ayò sí ojúlé ní mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí ó dé ojúlé kẹfà, láìgbójú sókè, ó ní: "Kò tíì pè."

Kò sí ohun tí èmi àti bàbá lè sọ. Aya rẹ̀ gbé omi wá fún wa.

"Jókòó, òpè," ó wí. "Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ ta."

Ọpọ́n mẹ́rin ni ó fi nà mí, mo sì búra fún yín pé n kò dìídì jẹ́ kí ó nà mí. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láti dágbére. Ó ní kí n dúró bẹ́ẹ̀, kí n má fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé òun ba aṣọ jẹ́, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán an gan-an ni ó ti bàjẹ́.