Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ni mo fi ń wọn iṣẹ́ obìnrin òṣèré.

Ní ọdún 2020 ni a fi Eyimofe, sinimá tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri ṣe ní Èkó, hàn ní àjọ̀dún sinimá ìlú Berlin ní Jámánì. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ‘èyí ni mo fẹ́’. Temi Ami-Williams ni ó ṣe Rosa, onídìrí tí ń tún ta ọtí ní báà, tí ó ń wá ọ̀nà kí òun àti Grace àbúrò rẹ̀, tí ó lóyún, lè dé Ítálì.

Òṣèré mìíràn ìbá sunkún, ìbá wó lulẹ̀. Ami-Williams pa ohùn mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú sọ ìyókù. Ẹlòmíràn yóò wí pé eré náà falẹ̀. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdúró ni ìyà aláìní, eré tí ó bá sáré níbẹ̀ yóò purọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, irú Rosa pọ̀ ní ìsọ̀ onídìrí Abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n ti dirun fún wa. A kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí.